Orí Ilé Ta Ni Àpótí Rẹ Yóò Sùn?

Omagba, Onítṣà.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àjíkẹ́ mi, Rùkáyátù ọmọ mi,

Máa ka lẹ́tà yìí ní jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà kì í yá ọ lára bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ ẹni tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà. A ó dé orí ìyẹn. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, ìyá rẹ yóò gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó sọ gbólóhùn kejì, yóò sì máa bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ó sì ní ibi tí ohùn mi lè ti gbọ̀n. Ìwé kì í gbọ̀n.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ ná. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún wa pé wọ́n gbà ọ́ sí iṣẹ́ ní Àbújá, pé ìwọ ni yóò máa ka ohun tí àwọn ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì bá rí nínú afẹ́fẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa níbí, n kò tíì dákẹ́. Mo sọ fún lèmọ́ọ̀mù. Mo sọ fún onígbàjámọ̀ mi, tí ó fi apá kan orí mi sílẹ̀ láìfá nítorí pé ó ń gbọ́ mi. Mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti Upper Iweka lọ́jọ́ kan. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Papa, so your pikin fit see my keke from up?”

Mo ní kò lè rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín tó ń tú jáde nídìí rẹ̀, bó bá ti pàdé tàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀run, ó ń rí ìyẹn.

“Which time the thing dey pass?”

Mo ní ọ̀sán ni, ní kété lẹ́yìn ìrun Àìlà, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa wọ gọ́tà. “Then e never see anything! Na evening we dey burn dirty.”

Pa ọ̀rọ̀ oníkẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. N ó padà sí i.

Rántí Iléyá tó kọjá, nígbà tí o jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, tí o gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí o ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún èmi àti ìyá rẹ. O ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, a kan ilẹ̀, a sì padà sókè. Pé irú èéfín kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tí ó máa ń bù jẹ lára ìmọ́lẹ̀ náà. Pé ohun tí ẹ̀rọ yín ń wá ni ohun tí kò padà. Ìyá rẹ ní, “Bí ìgbà tí mo bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, tí mo ka ẹran, tí mo ti mọ ẹni tó wọ ilé ìdáná.” O ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá.” Èmi tí mo ka kẹ́mísírì ní yunifásítì, tí mo sì fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo jókòó, mò ń mi orí bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí o wọlé lọ, mo sọ fún ìyá rẹ pé, “Ọmọ yìí ti kọjá mi.” Ó ní, “Ó ti pẹ́. Ìwọ nìkan ni kò tètè gbọ́.”

Ohun tó wù mí jù nínú àlàyé rẹ ni pé o kò fi àléébù ẹ̀rọ náà pamọ́. O ní bí ìkúukùu bá bo ìlú, kò rí nǹkan kan. O ní láìsí oòrùn, ojú rẹ̀ fọ́. O sì ní ó máa ń ro gbogbo afẹ́fẹ́ láti ilẹ̀ títí dé òkè pọ̀ ni, kò mọ èyí tó wà ní ìwọ̀n imú ènìyàn. Nítorí náà ni ẹ ṣe nílò àpótí kékeré kan nílẹ̀, tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ tí a ń mí gan-an, kí ẹ lè fi tún ohun tí ti òkè rí ṣe. Àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún ọ fún gbogbo Onítṣà. Ohun tó bá sọ ni wọn yóò fi túmọ̀ àwòrán ìlú wa. Bí ó bá sọ pé afẹ́fẹ́ wa mọ́, sátẹ́láìtì tó wà lókè pàápàá yóò gbà pé ó mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ní kí n bá ọ bẹ ọ̀rẹ́ mi, mánéjà báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, kí o lè gbé àpótí náà sí ọgbà rẹ̀ ní GRA. O ní iná wà níbẹ̀, ọlọ́dẹ wà, ògiri ga, ẹnikẹ́ni kò ní jí i. Mo ní ìyẹn kò le. Mo lọ, ọ̀rẹ́ mi sì gbà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde lẹ́nu géètì, lábẹ́ àwọn igi máńgòrò rẹ̀, atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí mi lójú, mo sì dúró. Mo ti dúró nínú atẹ́gùn yẹn rí. Kì í ṣe nínú ọgbà tirẹ̀. Ilé mìíràn ni, ní òpópónà kan náà.

A kò tíì bí ọ nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tó gbé mi wá láti Ìbàdàn ń yọ́ irin àlòkù lẹ́yìn Upper Iweka, èmi sì ni kẹ́mísì wọn. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Ọ̀gá Kẹ́mísì, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Aṣọ tí wọ́n bá sá sórí okùn láàárọ̀, ó ti di aláwọ̀ eérú kó tó gbẹ. Àwọn ọmọ wọn ń wúkọ́. Mánéjà wa pè mí, ó ní, “Kẹ́mísì, lọ wọn afẹ́fẹ́ náà, kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ kí a sinmi.”

A ní ẹ̀rọ kan nígbà náà tí ó máa ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ìwé funfun kan. A ó wọn ìwé náà kí afẹ́fẹ́ tó gbà á kọjá, a ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwé bá ṣe dúdú tó, tó sì wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó. Mo wá ibi tí n ó gbé e sí. Lẹ́yìn ògiri, iná kì í dúró, kò sì sí ọlọ́dẹ. Mánéjà ní, “Gbé e lọ sí ọgbà mi ní GRA. Iná wà, ọlọ́dẹ wà, ẹnikẹ́ni kò ní jí i.” Àjíkẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà tí o sọ fún mi lórí fóònù.

N kò ní fi mánéjà bojú. Ó dá mi lójú pé afẹ́fẹ́ GRA kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ògiri wa. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ìlú kan náà ni, pé afẹ́fẹ́ kò ní ààlà, pé ẹ̀rọ náà wọ́n. Ìgbéga mi sì ń bọ̀ lọ́dún náà. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí a pe àwọn ará àdúgbò jọ, mo gbé ìwé náà sókè. Ó funfun báláú. Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ifeoma, dìde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Èémí ọmọ náà ń dún fíì, fíì, bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, “Oga Kemist, this paper, where e sleep?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo da Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí, irú Gẹ̀ẹ́sì tí a kì í sọ láti fi dáhùn bí kò ṣe láti fi pa ẹni lẹ́nu mọ́. Ó jókòó. Ìpàdé tú ká. Ìgbéga mi dé. Fìríìjì tó wà ní ilé ìdáná wa, tí ìyá rẹ kọ̀ láti sọ nù, ìgbéga yẹn ló rà á. Omi tútù inú rẹ̀ ni o mu dàgbà.

Ifeoma kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée ọmọ náà di ikọ́ tí ó bá a dàgbà. Ní ọdọọdún tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń gbọ́ pé wọ́n ti tún gbé e lọ sí ọsibítù. Mo máa ń gbọ́, n ó sì gba òpópónà mìíràn.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, rírú ni yóò rú. Nígbà tí o fi àwòrán Onítṣà hàn wá lórí kọ̀ǹpútà ní Iléyá yẹn, tí o fi ìka kan ibi tó pọ́n jù lọ, tí o ní, “Bàbá, kí ló wà níbí ná?”, mo ní n kò ríran dáadáa. Mo ríran dáadáa. Ẹ̀yìn Upper Iweka ni. Ilé-iṣẹ́ wa ti kógbá sílé tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tírélà, àwọn jẹnẹrétọ̀ àti iná ìdọ̀tí ti jogún ojú ọ̀run ibẹ̀.

Nísinsin yìí, gba ìmọ̀ràn baba rẹ.

Àkọ́kọ́: má ṣe gbé àpótí rẹ sí ibi tí yóò ti tu àpótí lára. Gbé e sí ibi tí kò ti tu ènìyàn lára. Bí o bá gbé e sí GRA, kò ní purọ́, yóò sọ òótọ́ nípa GRA. Ìwọ ni yóò gba òótọ́ yẹn, tí o ó fi ṣe irọ́ fún àwọn tó wà lápá kejì ìlú. Irú irọ́ yìí ló burú jù, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ pé. Ní ti iná, mo ti rí pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tí àwọn ọmọ tó ń ta fóònù ní Upper Iweka ń lò. Ó tó àpótí náà. Ní ti olè, ohun tí àdúgbò bá mọ̀ pé tàwọn ni, àwọn fúnra wọn ni ọlọ́dẹ rẹ̀.

Èkejì: bí ìkúukùu bá bo ìlú, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkúukùu bò ó. Ẹ̀rọ tèmi dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà kan. Mo fi nọ́ńbà àwọn ọjọ́ tó yí i ká dí àlàfo náà, nítorí pé ojú ń tì mí láti mú ìwé tó ní ihò lọ fún ọ̀gá. Àlàfo kì í ṣe ìtìjú, ọmọ mi. Ẹni tó bá sọ pé òun kò rí, a ó gbà á gbọ́ nígbà tó bá sọ pé òun rí.

Ọ̀rọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló gbé lé ọ lọ́wọ́. Bí sátẹ́láìtì bá ń kọjá lọ́sàn-án, tí a sì ń dáná sun ìdọ̀tí nírọ̀lẹ́, àpótí rẹ ni yóò jẹ́rìí sí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí o bá ń kọ ìròyìn rẹ, jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ wà nínú rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí ojú òkè kò rí ṣe ohun tí kò sí.

N kò mọ̀ bóyá ìkẹta nìyí tàbí ìkẹrin: má fi èdè na ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, Gẹ̀ẹ́sì mi ni mo gbójú lé, n kò sì kọ́ Igbo. Ní ọjọ́ ìpàdé yẹn, kí Màmá Ifeoma tó fi Píjìn bi mí, ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Igbo, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí a bí ọ tí o sì dàgbà, bí o bá ti iléèwé dé tí o kí mi ní Igbo pé, “Papa, ndeewo,” mo máa ń lé ọ padà síta pé kí o tún wọlé, kí o kúnlẹ̀, kí o kí mi ní Yorùbá. Nígbà mìíràn o máa ń pẹ́ lóde kí o tó rántí ọ̀rọ̀ náà. Ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí wò ọ́, inú á sì máa bí mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí Yorùbá rí bí ìjìyà lójú rẹ, èmi ló sì jẹ̀bi. Dárí jì mí. Lónìí, mo ń dúpẹ́ pé o kò jẹ́ kí n gba Igbo lẹ́nu rẹ. Òun ni irinṣẹ́ tí mi ò ní. Sátẹ́láìtì kò gbọ́ Igbo, ìwọ gbọ́.

Bí ọ̀gá rẹ ní Àbújá bá ní kí o gbé àpótí padà sí GRA, má bá a jà, má sì gbà. Fi ọ̀wọ̀ kọ ìdí rẹ sínú ìwé, kí o sì fọwọ́ sí i. Bó bá bínú, ìbínú á rọlẹ̀. N kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ, èmi nìyí pẹ̀lú ewú lórí, mò ń kọ ọ́ sí ọ.

Ó ku ohun tí mo ṣe láìsọ fún ọ. Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní kí ó má bínú, a kò gbé àpótí wá mọ́. Ó ní, “Ṣé afẹ́fẹ́ ilé mi kò dára tó ni?” Mo ní, “Ó dára jù.” Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ sílé Màmá Ifeoma. Ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ògiri tó ti wó náà. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń to bọ́tìnnì mọ́ páálí. Píjìn ni a sọ, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ ní Yorùbá fún ọ.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ọ̀gá Kẹ́mísì! O ṣì wà láyé? Mo rò pé àwọn Yorùbá ti wá gbé ọ lọ sílé.”

“Wọn kò rí mi gbé. Mo wúwo.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Mo ṣí fìlà, mo dì í mú lọ́wọ́, n kò jókòó. Mo ní, “Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan nígbà kan. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo mú wá. Ìwé funfun yẹn, GRA ló sùn. Inú ọgbà mánéjà wa.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé mo kàn fi bi ọ́ láti pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni? A ti di ẹrù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Awka là ń lọ, nítorí àyà ọmọ yìí. Nígbà tí o sọ Gẹ̀ẹ́sì tán, mo délé, mo ní kí ọkọ mi tú ẹrù. Mo ní, ẹni tó kàwé ti sọ̀rọ̀.”

Àjíkẹ́, láti ọjọ́ náà, mo ti máa ń rò pé kò gbà mí gbọ́. Ìyẹn ni mo fi ń sùn. Ó gbà mí gbọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. N kò mọ gbogbo ohun tí mo sọ. Ifeoma gbọ́ ohùn mi, ó jáde. Ó ti di olùkọ́. Oògùn tí ó máa ń fà sẹ́nu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ òun náà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ àpótí rẹ fún wọn, pé orí ilé wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ni mo wá tọrọ.

Ifeoma ní, “Àpótí náà, ṣé ó ń sọ̀rọ̀?”

Mo ní ó ń sọ bí ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, tọ̀sán tòru.

Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó wá. Àyà mi nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀ ní àdúgbò yìí látọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó rí ẹnìkejì.”

Ìyá rẹ̀ na ìka sí mi. “Kì í ṣe ìwọ ni yóò gbé e wá o. Ọmọ rẹ ni. Ohun tó bá sì sọ, kí ọmọ náà wá jókòó níbí, kó sọ ọ́ fún mi ní Igbo, kí Àbújá tó gbọ́. Mi ò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

N kò bi í bóyá ó ti dárí jì mí, òun náà kò sì sọ. Ó ní kí Ifeoma bu omi wá fún mi. Omi tútù ni. Mo mu ún tán níwájú wọn.

Nítorí náà, nígbà tí o bá sọ̀kalẹ̀ ní Upper Iweka, má kọ́kọ́ wá sí Omagba. Ìyá rẹ yóò bínú, n ó bá ọ bẹ̀ ẹ́. Gbé àpótí rẹ gba ilé Màmá Ifeoma. Kí i dáadáa ní èdè rẹ̀. Gun òkè, kí o dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì, kí o sì wo ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí o tó sọ̀. Wo aṣọ tó wà lórí okùn. Kò sí sátẹ́láìtì tó ń rí aṣọ lórí okùn.

Mo ti gbéra ga lórí ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò tọ́ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo ń ṣe lórí rẹ yìí, n kò ní tọrọ àforíjì fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ lọ́jọ́ kan pé ibo ni àpótí rẹ sùn, ìwọ yóò kàn na ọwọ́ sí òkè ilé náà ni.

Ìyá rẹ ti dé sẹ́yìn mi. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun.

Èmi ni, ẹni tí ẹ̀yìn Upper Iweka ṣì ń pè ní Ọ̀gá Kẹ́mísì, ṣùgbọ́n tí yóò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, bí o bá ti dé ibẹ̀ tán, ní

Bàbá Rùkáyátù.